Bàbá Tí Ó Wá Ilẹ̀ Tí Kò Ní Yọ́ fún Òkú Nuvualuk: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Titus Qavvik Amaguaq (1948–2024)

Ní etí Òkun Bófọ́ọ̀tì, ní òkè àríwá Kánádà, nínú àgọ́ aláwọ kan tí ó wà lẹ́nu odò Nuvualuk, ni a bí bàbá wa, Olóògbé Titus Qavvik Amaguaq, sí ní ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá ọdún 1948. Silas Amaguaq, ọdẹ àbùùbùtán, ni bàbá wọn. Hulda, ọmọ Siqiniq ará Kangialuk, ni ìyá wọn. Qavvik tí í ṣe bàbá Silas ti bá yìnyín òkun lọ ní ọdún tí ó ṣáájú, a kò rí òkú rẹ̀ sin. Orúkọ rẹ̀ ni a fún ọmọ tuntun náà, nítorí pé òkú tí kò ní ibojì kì í pẹ́ wá orúkọ rẹ̀ sára ọmọ. Títí Ìyá Hulda fi kú, kò pe ọmọ rẹ̀ ní Titus rí. "Bàbá ọkọ mi" ni ó ń pè é. Bí ó bá fẹ́ nà án, a kọ́kọ́ ní, "Bàbá ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Kí Bàbá tó dákẹ́, wọ́n bẹ̀ wá pé kí a má ṣe kọ ìtàn tí yóò kàn dùn létí lásán. Wọ́n ní ẹni tí ó bá fi ibi tí òun ti ṣìnà pamọ́, ó fẹ́ kí ará ẹ̀yìn tún ṣìnà níbẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á.

Etí òkun ni Bàbá dàgbà sí. Bèbè tí òkun ti gé ga bí ilé mẹ́ta tí a tò léra wọn, ìpele ilẹ̀ sì hàn lára rẹ̀ bí ọ̀rá àti ẹran ti ń hàn lára àbùùbùtán tí a là. Silas a máa fi ọwọ́ tọ́ka sí i fún wọn: ilẹ̀ dúdú tí ewéko jẹrà sí wà lókè, iyanrìn àti amọ̀ tẹ̀lé e, ẹrẹ̀ òkun tí ìkarahun wà nínú rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Nínú amọ̀ tí òkúta há sí ni òkúta pupa rẹ́súrẹ́sú kan máa ń wà, ara rẹ̀ rí bí ẹni pé a fi èékánná ha á. Silas a ní, "Wo òkúta yìí dáadáa. Kì í ṣe ọmọ ibí. Àlejò ni. Nǹkan tó gbé e wá tóbi ju òkun lọ." Ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kí Bàbá tó mọ ohun tí ó gbé e wá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1955, ọkọ̀ ojú omi wá kó àwọn ọmọ Nuvualuk lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí ó jìnnà tó ìrìn ọjọ́ mẹ́rin, níbi tí wọn yóò máa gbé. Bàbá jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Níbẹ̀ ni a ti gé irun wọn, tí a fi nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta rọ́pò orúkọ wọn, tí a sì ń fi pátákó na ọwọ́ wọn nígbàkúùgbà tí èdè ìyá wọn bá bọ́ lẹ́nu wọn. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n kọ́ bí a ti ń ka ìwé, wọ́n kọ́ bí a ti ń kọ ọ́, wọ́n sì kọ́ láti má ṣe béèrè ìdí ohunkóhun tí ìwé bá ti sọ. Ẹ̀kọ́ kẹta yìí ni ó ṣe wọ́n ní ibi jùlọ.

Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1964, wọn kò mọ bí a ti ń dúró de séálì, ẹran inú òkun, lẹ́nu ihò tí ó fi ń mí lójú yìnyín mọ́. Silas kò bá wọn wí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí ọmọ kékeré: bí a ti ń ka afẹ́fẹ́, bí a ti ń gé òjò dídì kọ́ ilé, bí a ti ń to ẹran sórí ọkọ̀ onípákó tí a ń fà lórí yìnyín. "Orí séálì, iwájú ni," ni ó máa ń wí. "Wọn kì í fa ẹran wọlé ní ìdí, àfi tó o bá fẹ́ kó padà sókun." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọdẹ Nuvualuk ń ṣe títí di òní.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ọdún 1970, Bàbá gbé Persis Siksik níyàwó ní Ìjọ Áńgílíkà ti Nuvualuk. Persis kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ rárá, nítorí ibùdó ọdẹ tó jìnnà ni àwọn òbí rẹ̀ gbé e pamọ́ sí nígbà tí ọkọ̀ ojú omi dé. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ: Lot, Dorcas, Lydia àti Enoch. Ní 1972, àwọn tí ń wá epo rọ̀bì dé etí òkun wa, Bàbá sì di ẹni tí ń darí ẹ̀rọ ìlulẹ̀. Gideon Siksik, àbúrò Persis, ń bá wọn ṣe é. Kò pẹ́ tí etí àwọn méjèèjì fi mọ̀ bóyá iyanrìn ni ẹ̀rọ náà ń jẹ tàbí òkúta.

Ní 1981 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Halvorsen kọ́kọ́ dé láti ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní gúúsù. Ó ń tọ ipasẹ̀ yìnyín ńlá ayé àtijọ́, èyí tí ó bo ilẹ̀ yìí mọ́lẹ̀ kí ènìyàn kankan tó tẹ̀ ẹ́: ibi tí ó ti wá, ibi tí ó rìn dé, ìgbà tí ó padà. Ẹlẹ́rìí tí ó kù kò ju ilẹ̀ etí òkun lọ. Ibi tí yìnyín náà bá gbà kọjá, a fi amọ̀ olókùúta sílẹ̀ níbẹ̀. Bí òkun bá bo ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, òkun a fi ẹrẹ̀ àti ìkarahun lé e lórí. Ẹni tí ó bá ti mọ èyí tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀, ó ti mọ èyí tí ó kọ́kọ́ dé. Bàbá mú òkúta pupa kan fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní ilé òkúta náà tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà sí ibi tí àwọn dúró sí. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá mi ti sọ fún mi pé àlejò ni. Wọn ò kàn sọ bó ṣe rìn tó." Láti ọdún náà, Bàbá ni ó ń mú un rìn, Bàbá ni ó ń lu ilẹ̀ fún un, tí ó ń fa ilẹ̀ dídì yọ ní ọ̀pá gígùn sínú ike, tí ó sì ń kọ àmì sára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kí a má baà ṣi òkè rẹ̀ mọ̀ sí ìsàlẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 1987 ni Lydia kú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ibà ni ó bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ wú, ìjì kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà létí omi ni a sin ín sí. Bàbá fúnra wọn ni ó kan pósí náà. Láti ọjọ́ náà, a kò gbọ́ orin lẹ́nu wọn nínú ilé mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1992, ìjì gé bèbè òkun wọlé. Igun pósí mẹ́ta yọ síta lára bèbè, ọ̀kan nínú wọn kéré. Bàbá mọ pákó rẹ̀. A gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sínú ahéré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbìmọ̀ ìlú sì ní kí a kó gbogbo òkú lọ sórí Òkè Kimialuk, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ilẹ̀ òkè náà yóò dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Halvorsen gbà láti yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀.

Oṣù kẹrin ọdún 1993 ni wọ́n lu ilẹ̀ náà. Ihò mẹ́ta àkọ́kọ́ kò jìn, òkúta ni ó dá ẹ̀rọ dúró. Ìkẹrin ni ó lọ sísàlẹ̀. Bàbá àti Gideon fi ṣọ́bìrì gbẹ́ ojú rẹ̀, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òtútù sì bu Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní ìka jẹ. Bàbá ní láti gbé e lọ bá ọkọ̀ òfuurufú. Gideon nìkan ni ó parí ihò náà. Nígbà tí Bàbá padà dé, ọ̀pá ilẹ̀ márùn-ún ti wà nínú ike, ẹnu wọn ti di pa, kálámù sì ti dì, kò kọ. Bàbá béèrè pé, "Èwo lorí?" Gideon ní, "Mo ti tò wọ́n bíi séálì, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, gbogbo orí níwájú."

Ọ̀nà ọdẹ ni, ó sì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òjò dídì bo iwájú ọkọ̀ onípákó náà mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọkọ̀ onípákó tiwa sì ká sókè ní iwájú, ó ká sókè ní ẹ̀yìn. Apá tí ó bá rọrùn ni a ń so okùn mọ́. Ní òwúrọ̀, bí Bàbá ti ń tú àgọ́, Gideon so okùn mọ́ apá tí òjò dídì kò bò, alùpùpù yìnyín fà á, ó di ilé. Kò sí ẹni tí ó ronú kàn án. Nínú ilé, kálámù yọ́, Bàbá sì gbà pé apá tí okùn wà ni iwájú. Bàbá kọ "òkè" sí gbogbo ìdí, wọ́n kọ "ìsàlẹ̀" sí gbogbo orí. Wọ́n pe ìkarùn-ún ní ìkínní, wọ́n pe ìkínní ní ìkarùn-ún.

Oṣù kejì ọdún 1994 ni ìwé Ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Ó ní yìnyín díẹ̀ ni ó wà lókè, tí òtútù àìpẹ́ yìí ṣe; iyanrìn tẹ̀lé e; amọ̀ olókùúta tó le ni ó wà nísàlẹ̀. Ó ní yìnyín ńlá àtijọ́ ti kọjá níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò fi ohunkóhun lára rẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ náà yóò dúró. Àwòrán wà nínú ìwé náà, Bàbá sì wò ó. Èyí gan-an ni wọ́n ní kí a kọ sílẹ̀. Wọ́n rí yìnyín ní òkè àwòrán, wọ́n sì rántí pé amọ̀ olókùúta ni ṣọ́bìrì wọn bá lójú ihò kẹrin, kì í ṣe yìnyín. Wọ́n mọ̀ pé ohun kan kò tọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ju ọdún kan lọ tí pósí Lydia ti wà nínú ahéré, wọ́n sì fẹ́ kí ọmọ wọn sinmi. Wọ́n ká ìwé náà. Ìyá Hulda, tí ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, kìlọ̀ fún wọn: "Bàbá ọkọ mi, òkè yẹn máa ń làágùn tí oòrùn bá mú. Ilẹ̀ tó ń làágùn ò léegun nínú." Bàbá dá wọn lóhùn pé, "Màmá, ìwé ti sọ̀rọ̀." Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, a kó òkú mọ́kànlélógójì lọ sórí Òkè Kimialuk. Nígbà tí Ìyá Hulda náà kú, wọn ì bá di ìkejìlélógójì, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí a má gbé àwọn lọ síbẹ̀. Ẹ̀bá odò ni a sin wọ́n sí.

Ọdún mẹ́tàlá ni òkè náà fi dúró. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2007, lẹ́yìn ooru tí àgbà kankan kò rí irú rẹ̀ rí, òkun jẹ ẹsẹ̀ òkè náà, yìnyín sì yọ síta nínú rẹ̀. Ó dúdú, ó dọ̀tí, ó ga ju ilé lọ, òkúta pupa sì há sí i lára. Yìnyín ńlá àtijọ́ ni. Kò lọ síbì kankan. Amọ̀ ni ó fi bora sùn. Ọ̀sán gangan ni ẹ̀gbẹ́ òkè yọ́, tí ó ṣàn lọ bí ẹ̀kọ gbígbóná, pósí mẹ́tàdínlógún sì bá a wọ inú òkun. Ti Lydia wà nínú wọn. Bàbá wọ omi dé àyà, Lot àti Enoch ni wọ́n fà wọ́n jáde. Nígbà tí ojú wọn wálẹ̀, wọ́n gbójú sókè wo ibi tí òkè ti ya. Amọ̀ olókùúta lókè. Iyanrìn láàárín. Yìnyín nísàlẹ̀. Òdì ìwé ni. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rántí okùn ọkọ̀ onípákó.

Ẹlòmíràn kò mọ̀. Gbogbo ìlú ń bú Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sí ohun tí ó rọrùn bíi kí Bàbá bá wọn bú u. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn kò fi lè jẹun. Persis bi wọ́n pé, "Bàbá Lot, kí ló ń jẹ yín nínú?" Wọ́n sọ ọ́. Ó sunkún títí, lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀wù òtútù wọn wá, ó ní, "Ẹ wọ̀ ọ́. Ẹ lọ sọ ọ́ báyìí, kó tó di pé mo máa bẹ̀ yín kẹ́ ẹ má sọ ọ́."

Nínú gbọ̀ngàn ìlú, Bàbá ro gbogbo rẹ̀, títí kan àwòrán tí wọ́n rí tí wọ́n sì ká. Gideon fò dìde: "Èmi ni mo so okùn! Èmi ni kẹ́ ẹ bú!" Bàbá ní, "Jókòó, Gideon. Ìwọ lo so okùn. Èmi ni mo kọ àmì, èmi náà ni mo rí i tí mo dákẹ́." Nígbà náà ni Keturah, opó Ulualuk, dìde. Ọmọ rẹ̀, Amos, ni ó rì sómi ní 1990, ó sì wà lára àwọn mẹ́tàdínlógún náà. Keturah kò pariwo. Ó ní, "Titus, ọmọ mi kú sómi lẹ́ẹ̀kan. A wá a, a rí i, a sin ín. Ìwọ lo jẹ́ kó kú sómi lẹ́ẹ̀kejì." Ó jáde, kò sì bá ẹnikẹ́ni nínú ilé wa sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́rin.

Àwọn ọ̀dọ́ kò dákẹ́ ní tiwọn. Bí Bàbá bá gbé àpò ìyẹ̀fun jáde ní ilé ìtajà, wọn a ké láti ibi tí wọ́n fara ti ògiri pé, "Bàbá Titus! Apá ibo lorí wà?" Ẹ̀rín a sọ. Bàbá kì í bínú. Wọn a dúró, wọn a yí àpò náà wò, wọn a ní, "Ìbéèrè gidi lẹ bi mí yẹn." Wọn a sì máa lọ.

Bàbá kọ lẹ́tà sí Ọ̀jọ̀gbọ́n Halvorsen. Èsì rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù méjì: "Titus, nítorí ọ̀pá ilẹ̀ márùn-ún, mo ti mú yìnyín rìn nínú ìwé mi sí ibi tí kò rìn dé, ní ìgbà tí kò rìn. Ẹ̀bi tèmi ni pé mi ò bi yín léèrè ohun tí ẹ rí lójú ihò." Ó tún gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ó wá hàn pé yìnyín ńlá náà pẹ́ dé etí òkun wa ju bí ó ti kọ lọ, àti pé nígbà tí ó padà, ó fi apá kan ara rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ó tẹ àtúnṣe náà jáde, ó sì fi orúkọ Bàbá síbẹ̀ nítorí pé Bàbá ni ó sọ òtítọ́.

Òkú mẹ́rìnlélógún ṣì wà lórí Kimialuk, òkè náà sì ń yọ́ lọ́dọọdún. Bàbá búra pé àwọn kò ní kú kí àwọn tó rí ilẹ̀ tí yóò gbà wọ́n. Àwọn àti Gideon tún gbé ẹ̀rọ. Òfin kan ni wọ́n fi lélẹ̀: a kò gbọdọ̀ fa ọ̀pá ilẹ̀ jáde kí téèpù pupa tó wà ní orí rẹ̀, ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò sì ka àmì náà sókè. Gideon kò mọ̀wé, a sì nílò ẹnìkejì tí yóò máa kà á. Persis ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta nígbà tí ó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà pẹ̀lú pẹ́ńsù, kí ó lè mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀ lójú ìwé. Ọ̀rọ̀ méjì náà ni ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ.

Ọdún méje ni wọ́n fi lu ilẹ̀. Ihò mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n bá yìnyín nínú rẹ̀. Tí yìnyín òkun bá sì ti yọ́ lẹ́ẹ̀rùn, Bàbá a máa rìn létí omi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bóyá òkun yóò dá ohun kan padà. Kò dá Lydia padà. Ní 2011, wọ́n rí pákó ibojì kan nínú igi tí omi gbá jọ, orúkọ Amos Ulualuk ṣì hàn lára rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Keturah gbà á, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ kejì, ẹja gbígbẹ wà lẹ́nu ọ̀nà wa, kò sí ẹni tí ó sọ ẹni tí ó gbé e wá.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ní òkìtì gígùn kan tí ó jìnnà sí òkun, ẹ̀rọ wọ ilẹ̀ dé mítà méjìlá, òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn nìkan ni ó gbé wá. Omi tí ń ṣàn lábẹ́ yìnyín ńlá ní ayé àtijọ́ ni ó tò ó jọ síbẹ̀. Ilẹ̀ tí kì í làágùn ni. Ní 2016, a kó òkú mẹ́rìnlélógún lọ síbẹ̀, a sì kọ orúkọ àwọn mẹ́tàdínlógún tí òkun mú sára pákó kan ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Bàbá sìn ní Ìjọ Áńgílíkà gẹ́gẹ́ bí olùka Bíbélì fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn ọdún 2007, wọ́n sọ fún àlùfáà pé àwọn kò yẹ lórí pẹpẹ mọ́. Àlùfáà kò gbà. Wọ́n ń ka Bíbélì náà lọ. Wọ́n tún wà nínú ẹgbẹ́ tí ń wá àwọn tí ó sọnù sórí yìnyín, wọ́n sì rí ènìyàn mọ́kànlá ní ààyè.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, àìsàn ẹ̀dọ̀fóró dá Bàbá dúbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé kò ní san, wọ́n ránṣẹ́ pe Gideon. "Lọ lu ibi tèmi," wọ́n wí. "Mi ò gba ibojì tí mi ò mọ ìsàlẹ̀ rẹ̀." Gideon lọ nínú òtútù, ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó padà wá jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. "Òkúta wẹ́wẹ́ ni títí, ẹ̀gbọ́n. Kò sí yìnyín." Bàbá wò ó. "Èwo lorí?" Gideon ní, "Mo lẹ téèpù kí n tó fà á. Persis kà á, èmi náà kà á. Ó ti kọ́ mi." Bàbá rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 2024 ni wọ́n dákẹ́, ní ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́rin.

Wọ́n fi sáyé lọ: aya wọn, Persis, àwọn ọmọ wọn, Lot, Dorcas àti Enoch, àna wọn, Gideon, àti ọmọ-ọmọ méje: Silas, Hulda, Thaddeus, Naomi, Jonas, Eunice, àti Lydia ọmọ Lot, tí a bí ní oṣù kọkànlá ọdún 2007, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí òkè ya. Bàbá kò pè é ní ọmọ-ọmọ rí. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè é, òun náà sì ń jẹ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a óò tẹ́ Bàbá sí lónìí, ẹ óò rí pákó kékeré tí orúkọ Lydia àkọ́kọ́ wà lára rẹ̀. Kò sí ohunkóhun lábẹ́ rẹ̀. A kò fẹ́ tàn yín.

Bí a bá gbé pósí sórí ọkọ̀ onípákó, ẹ óò rí téèpù pupa ní apá kan rẹ̀. Keturah ni ó wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lánàá. Gideon yóò yẹ okùn wò, yóò sì béèrè sókè, "Apá ibo lorí wà?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì dákẹ́. Kí gbogbo wa jọ dáhùn pé, "Iwájú ni."

Bàbá Lot, Qavvik ọmọ Silas, ẹ̀yin tí ẹ fi ọwọ́ ara yín wá ilẹ̀ fún òkú wa: kí ilẹ̀ náà dì yín mú. Kí omi má mọ̀ yín. Ẹ sùn re o.